Ọ̀gá Tó Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Pa Ìyàwó Rẹ̀

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ipò gíga dùn, ẹ bi í léèrè ta ló ń bá a jẹun ọ̀sán.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, Ọ̀gá Àgbà ni ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe fíríìjì. Àga rẹ̀ ń yí bí òòyì. Tábìlì rẹ̀ fẹ̀ débi pé ọmọ ọwọ́ lè rá lórí rẹ̀ kó sọnù. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rín kankan kì í gba ibẹ̀ wọlé.

Bẹ́ẹ̀ alápàárá ni tẹ́lẹ̀ o. Kó tó di ọ̀gá, yàrá àwọn tó ń tajà lòun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jọ wà, ọ̀rẹ́ tí gbogbo wọn ń pè ní Akápò báyìí nítorí òun ló ń ṣọ́ àpò iléeṣẹ́. Nígbà náà, wọn a máa sín ọ̀gá àtijọ́ jẹ. Akápò mọ bí ọ̀gá yẹn ṣe ń rìn, ó mọ bó ṣe ń wúkọ́, ó tún mọ bó ṣe ń họ etí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn á fi ṣubú sábẹ́ tábìlì.

Àfi bí wọ́n ṣe fi ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì jẹ ọ̀gá.

Láti ọjọ́ yẹn ni Akápò ti ń pè é ní "sà". Ẹ káàárọ̀ sà. Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ kú ìrònú sà. Sà, sà, sà, bí omi tó ń kán sórí àwo gbígbóná.

Tí Ọ̀gá bá wọ yàrá ìjẹun, ẹ̀rín á kú. Ẹni tó ti ki ṣíbí sẹ́nu á gbàgbé láti yọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, ó gbìyànjú àpárá kan ní ìpàdé, ó sì gbàgbé ìparí rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Kó tó sọ pé òun ti gbàgbé, gbogbo wọn ti bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ nu omijé nù. Omijé! Lórí àpárá tí kò tíì parí!

Nílé ńkọ́? Àwọn ìbejì ti lọ sí yunifásítì, ilé ti dákẹ́. Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n àdúrà ni obìnrin náà fi bá a wá ipò yìí, ó sì ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹbí, títí kan àwọn tí kò bi í léèrè.

"Bàbá Ìbejì, báwo ni ibi iṣẹ́?"

"Ó dára."

Ìgbà kan ṣoṣo tó fẹnu bà á pé nǹkan ò rọgbọ, Ìyá Ìbejì fò sókè. "Ẹ máa dúpẹ́ o! Àwọn ẹgbẹ́ yín tí wọn ò ríṣẹ́ ńkọ́?"

Ó dúpẹ́. Ó sì pa ẹnu dé.

Ohun tó wà níkùn rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Òun ló buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi ti yàrá ìkunfíríìjì, ibi tí wọ́n ti ń kun fíríìjì lọ́dà, pa nítorí pé ẹ̀rọ tuntun ti dé. Àgbàlagbà tó kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ dé iléeṣẹ́ náà wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Baba náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Ọlọ́run á ràn ẹ́ lọ́wọ́, ọmọ mi." Ì bá sàn fún un ká ní baba náà ṣépè. Àdúrà yẹn ni kò jẹ́ kó gbádùn.

Ta ni ì bá sọ ọ́ fún? Akápò á ní "bẹ́ẹ̀ ni sà". Ìyá Ìbejì á ní kó máa dúpẹ́.

Ibi tí èṣù ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ mọ bí àwọn òṣìṣẹ́ òun ṣe ń dá oníbàárà lóhùn. Ohun tó dáa ni. Ó pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára fíríìjì wọn, ó sì mú ohùn rẹ̀ ha bíi ti arúgbó.

Obìnrin kan ló gbé e. Ohùn rẹ̀ ń yọ́ létí bí oyin.

"Ẹ káàsán sà. Kí ni mo lè bá yín ṣe?"

Ọ̀gá ní fíríìjì òun ń pariwo.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Irú ariwo wo ni? Ṣé ó ń kùn bí ẹ̀fọn ni, àbí bí ìyá ọkọ tí wọn ò gbé ẹran fún?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọ̀gá láìtọrọ àyè. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ débi pé ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló wọlé.

"Ó jọ ti ìyá ọkọ," ó fèsì.

"Ha! Ìyẹn le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí màmá ilé bá wa fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ó ń gbóná."

Ohun tó yẹ kó sọ pọ̀. Ó lè ní ìyàwó òun ti jáde. Ó lè ní ó ń sùn. Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, tó bá ṣí, kì í mọ ibi tó máa gbà.

"Ó ti kú," ni Ọ̀gá sọ.

Àwòrán Ìyá Ìbejì wà lórí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀gá yí ojú rẹ̀ sí ògiri.

"Áà! Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá mi. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Ṣé ẹ ti jẹun lónìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń bi ọ̀gá bóyá ó ti jẹun? Wọ́n ń bi í bóyá ó ti buwọ́ lùwé. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti di káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti di ẹni tí aya rẹ̀ kú, ó tún ti di olórí ẹgbẹ́ káfíńtà àdúgbò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra síìmù mìíràn.

Fíríìjì yẹn wá ṣàìsàn ju gbogbo fíríìjì ayé lọ. Lónìí, omi ń jò lára rẹ̀. Lọ́la, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pàdé. Lọ́túnla, iná inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí i bí ọmọge. Tí ẹlòmíì bá gbé ìpè rẹ̀, á ní òun ń dúró de ọmọ olóhùn oyin yẹn. Orúkọ náà sì mọ́ obìnrin náà lára ní yàrá ìpè: Olóhùn Oyin.

Kì í tún ṣe fíríìjì nìkan ni wọ́n ń sọ mọ́. Káfíńtà sọ fún un pé òun lé ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, pé ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn òun. Ó sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tẹ̀ ba fún un. Olóhùn Oyin náà sọ ti ìyá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń bára wọn sunkún díẹ̀, wọ́n ń bára wọn rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Ọ̀gá sanra. Ìyá Ìbejì wò ó, ó ní, "Ẹ ò rí i? Mo ní kẹ́ ẹ máa dúpẹ́."

Wàhálà àkọ́kọ́ dé nígbà tí Olóhùn Oyin ní òun máa rán atúnfíríìjìṣe lọ sílé káfíńtà.

"Má rán an o," Ọ̀gá sọ. "Ajá mi ń gé èèyàn jẹ."

"Ẹ kàn máa so ó mọ́lẹ̀ ni."

"Kì í gba ìdè."

"Irú ajá wo nìyẹn, bàbá?"

"Ajá olóògbé ni. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni inú ti ń bí i."

Olóhùn Oyin bá ajá náà kẹ́dùn. Àánú wá ṣe é débi pé ó kọ̀wé sókè, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pé kí iléeṣẹ́ jọ̀ọ́ fún bàbá káfíńtà ní fíríìjì tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé náà ń gòkè láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi balẹ̀ sórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà.

Ó wò ó. Ó làágùn. Tó bá gbà, ilé wo ni wọ́n máa gbé fíríìjì náà lọ? Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà gàdàgbà: Rárá.

Nígbà tó pè, ohùn Olóhùn Oyin ti ha.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀gá wa kọ̀. Ọkùnrin yẹn, òkúta ló fi ṣe àyà."

"Òmùgọ̀ ni," Ọ̀gá bá a dá sí i.

"Kò tiẹ̀ kí èèyàn dáadáa."

"Agbéraga! Orí rẹ̀ á ti wú."

"Tó bá ń rìn lọ, ṣe ló dà bí ẹni tó gbé ẹyin sábẹ́ apá."

"Ẹranko ni! Ẹranko pátápátá!"

"Áà, bàbá, ó tó. Ẹ má bú u tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn náà ni."

Kó tó di ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbè é lẹ́yìn tọkàntọkàn bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi sùn.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní yàrá ìpè. Ìpè kankan kò gbọdọ̀ pẹ́ ju bí ẹyin ṣe ń jinná lọ. Ta ló ṣòfin náà? Ọ̀gá ni. Ó buwọ́ lù ú lọ́dún tó gorí àga, ó tiẹ̀ fi yangàn níwájú ìgbìmọ̀ tó ń darí iléeṣẹ́. Alábòójútó yàrá ìpè, obìnrin kan tí kì í fojú fo nǹkan, wá rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun ń fi gbogbo ọ̀sán bá ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. Ó túmọ̀ rẹ̀ sí pé àlè ni. Ó fún Olóhùn Oyin ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, káfíńtà pè.

"Bàbá, wọ́n fẹ́ lé mi," Olóhùn Oyin sọ, ó ń sunkún. "Wọ́n ní mò ń fi àkókò iṣẹ́ ṣeré. Tí wọ́n bá lé mi, kí ni màámi máa fi ra oògùn?"

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà. Irọ́ tó ti ń pa tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní eré. Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀ ì bá gba obìnrin náà là. Ó kàn fẹ́ sọ ọ́. Ó rántí ojú Alága ìgbìmọ̀. Ó rántí Akápò. Ó rántí Ìyá Ìbejì tó ti pa.

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi," ló sọ. "Ọ̀gá rẹ á ṣàánú."

Ó ti pète rẹ̀. Òun náà ló máa ṣe olórí ìpàdé ìbáwí. Á ní kí wọ́n kìlọ̀ fún un, kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ọ̀gá jókòó lókè tábìlì, Akápò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, Alábòójútó lọ́wọ́ òsì. Olóhùn Oyin wọlé. Ọ̀gá kò rí i súnmọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó kéré, bàtà rẹ̀ sì ti jẹ lẹ́yìn.

"Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ni," Ọ̀gá yára sọ. "A kìlọ̀ fún un, ó parí."

"Sà, kò tíì parí," Alábòójútó sọ. "Gbogbo ìpè la ń gbohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti mú ti ọkùnrin náà wá."

Ọ̀gá ti gbàgbé pátápátá. Òun náà ló ní kí wọ́n máa gbohùn sílẹ̀.

"Kò pọn dandan ká gbọ́ ọ."

"Ó pọn dandan sà," Akápò sọ. "Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ," Olóhùn Oyin náà bẹ̀bẹ̀. "Wọ́n á mọ̀ pé bàbá arúgbó ni, kì í ṣe àlè."

Alábòójútó tẹ kọ̀ǹpútà. Ohùn híha kan jáde.

"... ọ̀rẹ́ mi kan wà, ọmọ mi. Àwa méjèèjì la jọ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti di olórí ẹgbẹ́ káfíńtà, kò bá mi ṣeré mọ́. Tó bá rí mi, á tẹ̀ ba bí ẹni tí ẹ̀yìn ń ro. Orí rẹ̀ pá róńdóróńdó, ó ń dán bí ìdí ìkòkò tuntun, ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ ń sọ mí."

Akápò rọra fọwọ́ kan orí ara rẹ̀.

"Ká ní ìyàwó mi ṣì wà láyé ni, ǹ bá sọ ọ́ fún un. Rárá o, irọ́ ni mo pa, mi ò ní sọ fún un. Á ní kí n máa dúpẹ́."

Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti wọ káfíńtà lára, ó ti gbàgbé láti mú ohùn rẹ̀ ha. Ohùn tó mọ́ gaara ló ń jáde. Olóhùn Oyin inú kọ̀ǹpútà fẹ́ sọ nǹkan, káfíńtà sì dá a dúró:

"Ẹ gbọ́ ná, ẹ gbọ́ ná—"

"Ẹ gbọ́ ná, ẹ gbọ́ ná!" Ọ̀gá pariwo láti orí àga, ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà.

Ẹnu méjì, ohùn kan. Kò sí ìpàdé kan tí Ọ̀gá ṣe rí tí kò fi gbólóhùn yẹn pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́.

Alábòójútó la ẹnu, kò rántí pa á dé. Akápò wo Ọ̀gá, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo Ọ̀gá. Ohun tó kọ́kọ́ rí sọ nìyí:

"Ìyá Ìbejì ti kú? Mo kí i lánàá!"

Ẹ̀rín fẹ́ bú jáde níbì kan nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n Olóhùn Oyin ti dìde.

"Fíríìjì yẹn ńkọ́?" ó bi í.

"Kò sí fíríìjì."

"Ajá ńkọ́?"

"Kò sí ajá."

"Ìyàwó tó kú tí mo sunkún fún?"

"Ó wà nílé. Ara rẹ̀ le."

Obìnrin náà mi orí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ì bá dáa ká ní ó ròkè.

"Ọ̀gá, àwọn ìyẹn ò tó nǹkan lójú mi. Ọjọ́ tí mo sọ fún yín pé wọ́n fẹ́ lé mi, kí lẹ sọ?"

Ọ̀gá tẹ orí ba.

"Ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọ̀gá mi á ṣàánú. Ẹ̀yin sì ni ọ̀gá náà. Ẹ mọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rù sùn, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rù jí. Kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí," Ọ̀gá dáhùn. "Ìwọ nìkan lò ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá jẹ́wọ́, o ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

"Òótọ́ ni. Mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó jáde. Ilẹ̀kùn náà kò tiẹ̀ pariwo.

Alága ìgbìmọ̀, ìyá àgbà kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, fún Ọ̀gá ní ìwé lọ-rọ́kún-nílé. "Ìwọ ọkùnrin yìí," ó sọ, "o ní àwa ìgbìmọ̀, o ní ìyàwó, o ní ọ̀rẹ́. Nọ́ńbà fíríìjì lo wá lọ pè." Wọ́n fagi lé òfin ẹyin. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Olóhùn Oyin, wọ́n sì wọ́gi lé ẹ̀sùn rẹ̀.

Ìròyìn ṣáájú Ọ̀gá délé. Nígbà tó dé, ilé ṣókùnkùn.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Òkú," ohùn kan dáhùn láti orí àga.

"Ìyá Ìbejì, jẹ́ kí n ṣàlàyé—"

"Òkú kì í gbọ́ àlàyé. Òkú kì í tan iná. Òkú kì í sì í dáná. Ilé ìdáná wà níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún ọjọ́ mélòó kan. Ó kí i, kò dáhùn. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó se nǹkan kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀, ìkòkò náà kò sì bọ̀ sípò mọ́. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì obìnrin wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fojú le koko.

"Bàbá Ìbejì, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ̀gbọ́n olóògbé ni mí. Ṣé ó wà nílé?"

Ìyá Ìbejì tó wà nínú yàrá rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló tú u. Ó jáde, ó dúró síwájú ọkọ rẹ̀. Obìnrin tí kì í pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ìwọ" ló pè é lọ́jọ́ náà.

"Obìnrin tó ò mọ ojú ẹ̀, òun lo sọ tinú ẹ fún. Èmi tá a jọ ń sùn, 'ó dára' ni mò ń gbà. Mo rò pé mo ti sú ẹ. Ṣó o mọ iye ìgbà tí mo wo dígí nítorí 'ó dára' yẹn?"

"Ìwọ lo ní kí n máa dúpẹ́."

"Mo ní kó o máa dúpẹ́. Mi ò ní kó o ya odi!"

Ẹ̀gbọ́n ti rọra wọ ilé ìdáná lọ, ó ń wo ìkòkò pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ọ̀gá wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó sọ ti yàrá ìkunfíríìjì, ó sọ ti baba tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó dé ibi tí baba náà ti pè é ní ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, omi ló ń dà lójú rẹ̀. Ìyá Ìbejì náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dá èyí gbé?" ó bi í. Ó ti padà sí "ẹ".

Ọ̀gá padà síbi iṣẹ́ nígbà tí àsìkò ìjìyà rẹ̀ pé. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kí i, wọ́n ń jẹ ètè kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Akápò wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Ó tẹ orí rẹ̀ tó ń dán síwájú rẹ̀, ó ní, "Ìkòkò tuntun rèé. Ṣẹ́ ẹ fẹ́ rà á?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, Akápò sì ti sọ "sà" lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rántí pé òun ti jáwọ́ nínú "sà".

Ṣùgbọ́n àga Olóhùn Oyin ti ṣófo. Ó ti ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ mìíràn, ìyá rẹ̀ sì ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí i. Èsì tó rán ò ju gbólóhùn kan lọ: òun ti dárí jì í, kó jọ̀ọ́ má ṣe pe òun. Kò sì pè é. Ó ṣì ń dùn ún títí dòní, ó sì yẹ kó dùn ún. Ìdánìkanwà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ kí ẹlòmíì gbé ẹrù tirẹ̀ nítorí kó má baà dá wà, olè ni.

Ní ti Ìyá Ìbejì, ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ó bọ́ bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń jí ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tí Akápò sọ, ohun tí Alága wí, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó lá lálàá. Mi ò tíì fọ ẹnu!"

"Ṣé kó padà máa dákẹ́ ni?"

Ìyá Ìbejì ronú sí i.

"Rárá," ó fèsì. "Kó máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí n mu omi ná."